Ẹni Tí A Fò Nínú Kíkà

Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ Ẹtì.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́yìn tí o gbé fóònù sílẹ̀ lánàá ni bàbá rẹ bi mí pé kí ló dé tí mo kàn jókòó tí mò ń wo ògiri. Mo ní ọmọ rẹ fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ wálé. Ó ní ṣé wọ́n lé e níbi iṣẹ́ ni? Mo ní rárá, òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lé ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá ní kí n kọ̀wé sí ọ, nítorí pé ẹkún rẹ kò jẹ́ kí o gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí mo ń sọ lórí fóònù. Òótọ́ ló sọ. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti tábìlì yìí. Tí mo bá parí, màá ki lẹ́tà náà sínú àpò gààrí, màá gbé e lọ sí gáréèjì fún awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn, kó lè dé ọwọ́ rẹ kí ọjọ́ Ajé tó pé. Má da gààrí náà sínú ike kí o tó yọ lẹ́tà jáde o.

Jẹ́ kí n tún ohun tí o sọ fún mi sọ, kí n lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé. Ilé iṣẹ́ tuntun yín ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwòsàn ọmọdé. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ ni ètò tí yóò máa gba orí orúkọ àwọn ọmọ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá wọn nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá tó gbà. O kọ ọ́, o dán an wò, ó ṣiṣẹ́, inú ọ̀gá rẹ dùn. Àfi bí obìnrin kan ṣe gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n dé ilé ìwòsàn, tó ń fi ìbínú sọ̀rọ̀ pé wọ́n pe gbogbo ìyá àdúgbò òun, wọn ò pe òun. Ẹ wò ó, orúkọ ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ètò rẹ ló fò ó. Ẹ tún wò ó síwájú, kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀gá rẹ wá ní kí o dìde lọ́jọ́ Ajé kí o ṣàlàyé níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ìwọ sì ní kó tó di ọjọ́ Ajé, o ti dé Ìkàrẹ́, pé wàá wá bá mi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níléèwé.

Ó wù mí kí o wà nítòsí mi, màá purọ́ tí mo bá ní kò wù mí. Àmọ́ kì í ṣe báyìí.

Nígbà tí o fi ohun tí o kọ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo ṣí i, mo gbé ife tíì mi síwájú. Tíì náà kò tíì tutù tí mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù ọ́ lọ. Mo ti mọ àṣìṣe yẹn kí wọ́n tó bí ọ, kí n tó fojú kan kọ̀ǹpútà pàápàá. Ìwàrò-Ọ̀kà ni mo ti mọ̀ ọ́n, lára ògiri ilé Bàbá Adú.

Ohun tí o ṣe nìyí. O ní kí for, ọ̀rọ̀ tó ń mú ẹ̀rọ rìn lórí nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, máa mú orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú list, àkójọ orúkọ wọn. Tó bá kan ọmọ tó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, o ní kó yọ orúkọ yẹn kúrò nínú list kan náà, kó má baà gùn láìnídìí. Èrò rẹ dára, ẹni tó ti parí kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀ mọ́. Àmọ́ orí ìrìn ni for wà tí o fi ń yọ wọ́n. Nínú àwọn orúkọ tí o fi dán ètò náà wò, kò sí ọmọ kan tó ti parí, ìdí nìyẹn tí ohunkóhun kò fi hàn. Ìgbà tó dé àárín àwọn ọmọ gidi ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ò bá àáró mọ́, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, nítorí náà màá ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi àti àwọn àgbẹ̀ àdúgbò wa máa ń ṣe àáró lásìkò ebè. Gbogbo wọn á jọ kọ ebè nínú oko ẹnì kan lónìí, wọn á lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́la, títí tí yóò fi kárí. Oko wọn kò sí lójú kan náà, òmíràn wà lẹ́yìnkùlé, òmíràn wà lọ́hùn-ún lọ́nà Etíòro. Bàbá Adú ni olórí wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ àáró yóò gbé ọkọ́ kan wá, ọkọ́ tí kò ní lò, yóò fi ti ara ògiri ilé Bàbá Adú. Bí ọkọ́ ṣe tò lára ògiri ni oko ṣe máa tò.

Bàbá Adú ní okùn kan tó so kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Tí wọ́n bá parí oko kan, yóò ta kókó kan sí okùn náà. Tí ilẹ̀ bá mọ́, yóò ka kókó, yóò wá ka ọkọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Iye tó bá bá kókó mu, wọ́n ti ṣe ti àwọn yẹn, èyí tó tẹ̀ lé wọn ni tòní. Kò sí ìjà, kò sí àríyànjiyàn. Kò tilẹ̀ nílò kó máa rántí orúkọ ẹnikẹ́ni. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: o ò gbọ́dọ̀ gbé ọkọ́ rẹ kúrò lára ògiri títí àáró yóò fi yí po, bí wọ́n bá tiẹ̀ ti ṣe oko tìrẹ tán.

Okùn yẹn ni ohun tí Python, èdè ẹ̀rọ tí o fi kọ ètò rẹ, ń pè ní iterator, Àbẹ̀kẹ́. Àwọn ọkọ́ ni list. Ní gbogbo ìgbà tí for bá ń béèrè next, ìyẹn èyí tó kàn, Bàbá Adú ló ń ka kókó rẹ̀. Okùn mọ ibi tó dé, kò mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Lọ́dún kan, Fọlárìn, ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, wà nínú àáró náà. Wọ́n ti ṣe oko tirẹ̀ tán nígbà tí àwọn àna rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti ìlú Ìpè pé kó wá bá àwọn ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àwọn. Ta ló máa gbọ́ ìpè àna tó máa ní òun ò lè wá? Ó sáré ya ilé Bàbá Adú, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó kọjá sí Ìpè. Ìyàwó Bàbá Adú wá rí àlàfo níbi tí ọkọ́ náà wà. Obìnrin tó fẹ́ràn kí nǹkan gún ni, ó bá sún àwọn ọkọ́ yòókù mọ́ ara wọn, ó gbá ilẹ̀ ibẹ̀, ó lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọkọ́ bàbá mi ló tẹ̀ lé ti Fọlárìn. Nígbà tí wọ́n sún un, ó bọ́ sí àyè Fọlárìn, àyè tí kókó ti wà fún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Adú ka okùn, ó ka ọkọ́, ó kọjá ọkọ́ bàbá mi láìwo ojú rẹ̀, ó ní oko ẹni tó tẹ̀ lé e ni àwọn ń lọ. Gbogbo wọn kọrí síbẹ̀. Bàbá mi náà bá wọn lọ.

O máa ní kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ibà ló dá èmi yìí dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, bàbá mi sì pa ọjọ́ kan jẹ nínú àáró torí kó lè gbé mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyà ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń jẹ òun. Màmá mi ní, "Lọ bi wọ́n." Ó ní, "Kí n bi wọ́n ní kí ni? Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe." Ó ń jáde lójoojúmọ́, ó ń kọ ebè fún àwọn èèyàn tó rò pé wọ́n ti fi òun ṣe ẹni yẹpẹrẹ, ojú rẹ̀ le koko. Àwọn yẹn sì rò pé òun ló bẹ Bàbá Adú kó fi tòun sí ìgbẹ̀yìn. Oko wa wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, òjò ń rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Mo rántí bí màmá mi ṣe máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ojú ọ̀run. N kò fẹ́ràn láti rántí rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń rántí rẹ̀ fún ọ nìyí. Ká ní dict, oríṣi àkójọ mìíràn, lo lò ni, Python ìbá pariwo mọ́ ọ lórí bó o ṣe ń yọ nǹkan nínú rẹ̀ lórí ìrìn, ìbá dúró, ìbá kọ̀ jálẹ̀. List kì í pariwo. Yóò fo èèyàn, yóò máa bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Bàbá mi náà kò pariwo. Obìnrin tó wá bínú sí yín yẹn, ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìyá mélòó ló jókòó sílé báyìí tó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn ará ilé ìwòsàn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe? Àwọn ìyá yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ọmọ mi. Kò fi bẹ́ẹ̀ kan ojú tó ń tì ọ́.

Ó yá, ìmọ̀ràn. Olùkọ́ ni mí, màá fún un ní nọ́ńbà.

Èkíní. Má ṣe yọ nǹkan kúrò nínú ohun tí o ń rìn lórí rẹ̀ lọ́wọ́. Tí o kò bá fẹ́ àwọn tó ti parí, kó àwọn tí kò tíì parí sínú list tuntun, kí o sì rìn lórí ìyẹn. Jẹ́ kí ọkọ́ wà lára ògiri. Yóò gba àyè díẹ̀ sí i nínú ẹ̀rọ, kí ló burú níbẹ̀?

Èkejì. Iterator kì í padà sẹ́yìn, ó sì máa ń tán. Èyí ni mo fi orí ara mi kọ́. O rántí pé nígbà tí wọ́n ní kí olùkọ́ kan kọ́ Python kó lè máa kọ́ àwọn ọmọ, gbogbo àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ fi yàrá náà sílẹ̀, èmi tí mo ti ń gbọ́ òórùn ìfẹ̀yìntì ni mo jókòó. Lọ́jọ́ kan níwájú kíláàsì, mo fi iter, àṣẹ tó ń ṣe iterator, mú orúkọ àwọn ọmọ, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ kà wọ́n, iye wọn pé. Mo wá ní kí ẹ̀rọ lo iterator yẹn kan náà láti kọ orúkọ wọn síta. Òfìfo ló mú wá. Mo bú ẹ̀rọ, mo bú iná mànàmáná, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú ọmọ tó jókòó níwájú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé iterator náà ti rìn dé òpin nígbà tó ń kà, kò sì sí ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn orúkọ wà nílé wọn ní tiwọn, digbí. Mo kàn ní láti pe iter tuntun ni. Nítorí náà, ìrìn àkọ́kọ́ tí ètò rẹ rìn yẹn ti lọ. Má jókòó máa sunkún lórí rẹ̀ ní Ìbàdàn. Orúkọ àwọn ọmọ náà ṣì wà nínú fáìlì ilé ìwòsàn, kò sí èyí tó sọnù. Mú òmíràn, kí o bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ìyẹn rán mi létí ọjọ́ tí mo ní kí kọ̀ǹpútà iléèwé kó gbogbo fáìlì èsì ìdánwò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ó ń yá mi. Ẹ̀rọ náà dákú. A dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Ọ̀gá iléèwé yọjú, ó ní, "Màmá, ẹ ti pa á?" Mo ní ó ń sinmi ni. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Àkùngbá, tó wá ṣe ìdánrawò lọ́dọ̀ wa, ló fi yield hàn mí, pé mo lè jẹ́ kí nǹkan máa wọlé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bí mo bá ṣe ń béèrè rẹ̀, tí èyí tí n kò tíì béèrè kò ní wúwo lórí ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ ilé gan-an nìyẹn. Bí o ṣe pè mí lánàá, gbogbo rẹ̀ lo kó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀gá, ìpàdé, àwọn ìyá, ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ máa sọ, owó ilé, ọjọ́ iwájú. Ó yẹ kí orí rẹ dákú náà. Mú ọ̀kan. Tó bá tán, béèrè èyí tó kàn.

Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, ó ní kí n sọ fún ọ pé kó o jẹun. Ìmọ̀ràn tirẹ̀ nìyẹn, n kò fún un ní nọ́ńbà.

Ẹ̀kẹta, èyí tó ń dẹ́rù bà ọ́ jù nígbà tó o wà ní yunifásítì: StopIteration. O máa ń rò pé bí ẹ̀rọ bá sọ ọ́, o ti ṣe àṣìṣe nìyẹn. Kì í ṣe àṣìṣe. Ohun tó ń sọ ni pé ó tán, kò sí ẹni tó kù. Ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ ni fún ẹni tó ń wá gbogbo àwọn tí wọ́n fò. Má dáwọ́ dúró títí wàá fi gbọ́ ọ.

Mo fẹ́ parí ìtàn Bàbá Adú fún ọ. Fọlárìn dé láti Ìpè, ó pàdé bàbá mi lójú ọ̀nà, ó ní, "Ebè tiyín ńkọ́? Ọjọ́ wo lẹ ṣe é?" Bàbá mi ní, "Wọn ò ṣe é." Fọlárìn dúró, ó wo ọkọ́ èjìká ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yé e lójú ẹsẹ̀. Ó sáré lọ bá Bàbá Adú.

Bàbá Adú lè ní ẹjọ́ Fọlárìn ni, òun ló rú òfin. Ó lè ní ẹjọ́ ìyàwó òun ni, òun ló sún ọkọ́. Ó lè ní ẹjọ́ bàbá mi ni, òun ló pa ẹnu mọ́. Gbogbo rẹ̀ náà jẹ́ òótọ́ dé àyè kan. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oorun tó kúrò lójú wa, a gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́yìn ilé. Bàbá Adú ti wà nínú oko wa, òun nìkan, ó ń kọ ebè. Kò rán ẹnikẹ́ni. Bàbá mi jáde sí i. Arúgbó náà kò gbé orí sókè. Ó fi èdè ilé wa sọ pé kì í ṣe ẹjọ́ bàbá mi: "Éè ṣe ẹjọ́ ùwọ. Èmi ni mo kà á." Bàbá mi wọlé, ó mú ọkọ́ tirẹ̀. Kí oòrùn tó gòkè, Fọlárìn ti dé, àwọn yòókù sì ń dé tẹ̀ lé e.

Iṣu wa kò tóbi lọ́dún náà, òjò ti lọ jìnnà, n kò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àáró ọdún kejì dé, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò mú okùn, bàbá mi ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́ rẹ̀ ti ògiri Bàbá Adú. Kò sí ẹni tó gba okùn náà lọ́wọ́ arúgbó yẹn títí ó fi kú.

Ìdí tí n kò fi fẹ́ kí o wálé nìyí, Àbẹ̀kẹ́. Wọn ò tíì gba okùn lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀gá tó ní kí o wá ṣàlàyé kò tíì lé ọ, àlàyé ló béèrè. Ṣé o fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn tí kò tíì fo ẹnikẹ́ni rí, tí kò sì mọ bó ṣe ń dun ẹni tí wọ́n fò? Tí o bá kó ẹrù rẹ lórí ìrìn báyìí, ìwọ náà gbé ọkọ́ kúrò lára ògiri nìyẹn, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ ni yóò jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí wàá ṣe rèé. Kó orúkọ àwọn tí àtẹ̀jíṣẹ́ lọ sí, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì àkọ́kọ́ ti ilé ìwòsàn. Wàá rí i pé ẹni tó wà lẹ́yìn ẹni tó ti parí ni wọ́n máa ń fò. Má fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí àwọn yẹn. Gbé fóònù, kí o pè wọ́n fúnra rẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo ìyá tó bá gbé e, kí o sì sọ ọ́ gbangba pé, "Ẹ má bínú, mà, ilé ìwòsàn kọ́, èmi ni mo kọ ètò tó fò yín. Ẹ gbé ọmọ wá." Àwọn kan máa bú ọ. Dúró kí wọ́n bú ọ tán, kí o tún sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ọmọ wá. Lọ́jọ́ Ajé, kí o dìde ní ìpàdé yẹn pẹ̀lú àtúnṣe lọ́wọ́, kí o sọ bó o ṣe kà á tó fi ṣìnà, má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo mọ ọmọ tí mo bí. O máa ṣe é, o sì máa ṣe é dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Yàrá rẹ níbí, mo ti kó iṣu sí i. Láti ẹnu ọ̀nà dé ibi fèrèsé, iṣu ni, kò sí ibi tí wàá tẹ́ ẹní sí títí di Kérésìmesì. Má wá.

Nígbà tí o bá pe ìyá kan tán, tí o béèrè èyí tó kàn, tí kò sì sí ẹnì kankan tó kù, pè mí. Fóònù mi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
tí kò fò ọ́ rí.